Mò ń sáré láràárọ̀, kí ló dé tí eré mi ò yá sí i?

Ọmọ Tánkè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. 100 mítà ni mò ń sá n'Ílọrin níbí, àràárọ̀ ni mo máa ń sá kìlómítà 6 lọ sápá Òkè Sóbí, èémí mi ti gùn gan-an, àmọ́ tí wọ́n bá ti ní gó báyìí, wọ́n á ti fi mí sílẹ̀.

Kóòṣì Ọ̀fà: Àbúrò, ohun tó o bá fi kọ́ ara lara ń mọ̀. Eré ọ̀nà jíjìn, èémí ló ń gbé e. Ti 100 mítà, agbára tó ti wà nínú iṣan tẹ́lẹ̀ lo máa lò jù, kì í sì í pẹ́ tán, bíi ìṣẹ́jú àáyá 10 péré. Sá mítà 30 tagbáratagbára, kó o wá sinmi bí ìṣẹ́jú 3 kó o tó sá òmíràn, má sọ pé ìsinmi yẹn ti pọ̀ jù o, ìgbà yẹn gan-an lagbára ń padà sínú iṣan, tó o bá kánjú, èémí náà lo tún ń kọ́ yẹn.

Ìyá Làbákẹ́, Ọmù-Àrán: Ẹ ṣeun kóòṣì. Kó fi irin gbígbé kún un, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún ìwúwo ẹ̀. Kó má gbé e lójoojúmọ́ ṣá, torí ìgbà téèyàn bá sùn tó jẹun dáadáa niṣan ń le. Wàrà, ẹ̀wà, ẹyin, kó máa jẹ ẹ́.

Ọmọ Tánkè: Ẹ ṣé mà. Ṣé kí n pa kìlómítà 6 tì ni?

Kóòṣì Ọ̀fà: Rárá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ mítà 30, tó o bá ti rí i pé eré ẹ ti ń falẹ̀, máa lọlé.