Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọmọ wa ṣe fíìmù ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀: kí ni kí n bi wọ́n?

Ìyá Ìbejì, Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù kan ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọ ṣe fíìmù kúkúrú nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 11, ti forúkọ sílẹ̀. Táyé fẹ́ di kámẹ́rà mú. Kẹ́hìndé ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni kí wọ́n fi ṣe é. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn àgbà á ṣe é tán, wọn á wá ní ọmọ ló ṣe é. Kí ni kí n bi wọ́n kí n tó buwọ́ lùwé?

Agbohùnsílẹ̀, Àjàṣẹ́
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ìdí ohùn ni mo máa ń wà tá a bá ń ya fíìmù, mo sì ti bá ọmọdé ṣe é rí. Ẹ bi wọ́n pé ta ló máa ní kí wọ́n tan kámẹ́rà, ta ló máa ní ó tó. Bí kì í bá ṣe ọmọ, ẹ má buwọ́ lu nǹkan kan.

Ẹ sì bi wọ́n nípa ìgbà tí wọ́n bá ń to àwòrán pọ̀. Ibẹ̀ ni àgbà ti ń já iṣẹ́ gbà: kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti rẹ ọmọ, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó máa wí pé "yọ èyí, gbé tọ̀hún síwájú."

Tí Kẹ́hìndé bá fẹ́ràn ohùn, ẹ jẹ́ kó wá. Etí ọmọdé mú! Wọ́n máa ń gbọ́ ọ̀kadà zémidjan tó ń bọ̀ lókèèrè kí èmi tó gbọ́.

Ọmọ Ìdẹ́nà
Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn ńkọ́? Lóòótọ́, UNESCO ti kọ ọ́ sára àjogúnbá aráyé ní 2008, tiwa àti ti Nàìjíríà àti Tógò pọ̀. Ìyẹn ò ní kéèyàn kàn gbé kámẹ́rà wọ ojú agbo. Ẹ lọ rí àwọn ìyá àti àgbà ẹgbẹ́ ná. Ní tèmi o, kí wọ́n lọ bá ẹni tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́: ó jókòó sójú kan, ojúmọmọ ni, ìró irin lára igi sì dùn ún gbọ́.

Ìyá Ìbejì, Kétu
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti bi wọ́n. Ti àṣẹ, wọ́n ní ọmọ ni. Ti títo àwòrán, wọ́n ń kálòlò. Mo ní tí wọ́n bá ti rí ọ̀rọ̀ sọ, kí wọ́n gbé ìwé wá. Kẹ́hìndé ti gba ti agbẹ́gilére. Táyé ló ń bínú, wọ́n ní gbogbo ọmọ ló máa gba kámẹ́rà yẹn lọ́wọ́ ara wọn.