Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọkùnrin méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà ní Oldham, èwo nínú wọn ni bàbá ńlá àwọn ọmọ mi?

Ìyá Àdùkẹ́ (Oldham)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa níbí fẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tèmi, àwọn mìíràn sì ti pẹ́ nílùú yìí jù mí lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ọmọ bíbí Oldham ni ọkọ mi. Kò sí olówó nínú ìran wọn, ilé iṣẹ́ òwú ni gbogbo wọn ti ṣiṣẹ́ jẹun. Àwọn ọmọ wa gbọ́ oríkì ìdílé tèmi dáadáa, ìyá mi ló máa ń kì wọ́n lórí fóònù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi bàbá wọn pé ta ló bí bàbá àgbà rẹ̀, orúkọ lásán ló lè dá. Mo ti pinnu pé màá wá a fún wọn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó bàbá àgbà ọkọ mi, oṣù kẹrin ọdún 1931. Wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ ọdún 24 ni, pé piecer ni, ìyẹn ẹni tó ń so òwú tó bá já nílé iṣẹ́ ìrànwú. Wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ náà, pé olóògbé ni, pé iṣẹ́ ìrànwú ló ṣe. Orúkọ ìyá kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n ń sọ nínú ẹbí ni pé ogun 1914 ló pa bàbá náà.

Nígbà tí mo wo ìwé ìkànìyàn 1911, ọkùnrin méjì ni mo rí ní Oldham tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ìrànwú ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì ló sì ní ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin tó ń jẹ́ orúkọ bàbá àgbà ọkọ mi! Ìyàwó ọ̀kan ń jẹ́ Sarah, ti èkejì ń jẹ́ Mary Ann. Ẹnì kan sì ti to ìran wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Sarah ló mú, ó sì tò ó títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìjòyè kan láyé ọba Henry Kẹjọ. Ọkọ mi ní kí n mú ìyẹn, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọkàn mi ò gbà á. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ tiwa?

Bàbá Fẹ́mi (Manchester)

Àbúrò mi, o káre. Ọkàn rẹ tí kò gbà á yẹn, má jẹ́ kó gbà á. Ọ̀pọ̀ ìran tí wọ́n ń tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ló ṣì í tò, tí àwọn yòókù wá ń dà á kọ. Orúkọ tó bára mu kì í ṣe ẹ̀rí. Ní Lancashire, tí wọ́n ka Oldham mọ́ nígbà náà, wọ́n máa ń fi orúkọ bàbá sọ ọmọ, tí wọ́n tún ń fi ti bàbá àgbà sọ ọmọ ọmọ, débi pé ìwọ̀nba orúkọ díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pín jẹ́.

Fi 1911 sílẹ̀ ná, lọ sí 1939. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, nígbà tí ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjọba ka àwọn ará ìlú kí wọ́n lè fún wọn ní káàdì ìdánimọ̀. 1939 Register ni wọ́n ń pe ìwé náà. Ọjọ́, oṣù àti ọdún tí wọ́n bí olúkúlùkù wà nínú rẹ̀. O ti mọ orúkọ ìyàwó bàbá àgbà látinú ìwé ìgbéyàwó 1931, nítorí náà wàá dá ilé wọn mọ̀. Ìwé yìí ṣe wá lóore gan-an, torí ìwé ìkànìyàn 1931 jóná ní 1942, ti 1941 kò sì wáyé rárá nítorí ogun.

Tí ọjọ́ ìbí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, lọ sórí ìkànnì General Register Office, ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní Southport. Ọjọ́ kìíní oṣù keje 1837 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní England àti Wales. Tí o bá wá ọmọ kan lórí ìkànnì yẹn, wàá rí orúkọ ìdílé tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kó tó relé ọkọ. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì yìí yóò ti yà sọ́tọ̀. Ra ìwé ìbí àwọn méjèèjì, kí o fi wọ́n wé ọjọ́ ìbí inú ìwé 1939. Ọ̀dọ̀ ìjọba gan-an ni kí o ti rà á o, àwọn oníṣòwò máa ń fi owó gegere lé e.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn lójú rú. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín àkọsílẹ̀ yẹn sí, ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ọmọ sílẹ̀ ni wọ́n sì ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ọjọ́ 42 ni òfin fún òbí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìparí ọdún lè wà lábẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e.

Tèmítọ́pẹ́ (Leeds)

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò ṣe ní kí ọkọ yín kúkú ṣe àyẹ̀wò DNA? Ṣebí itọ́ lásán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, gbogbo ẹ̀ á sì hàn.

Ìyá Ìbejì (Bolton)

Tèmítọ́pẹ́, àyẹ̀wò yẹn dára, mo ti ṣe é pẹ̀lú ọkọ mi. Àmọ́ kò ní sọ orúkọ bàbá fún wọn. Àwọn ìbátan tó ti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ló máa ń kó jáde, ìwé ló máa sọ bí wọ́n ṣe tan mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ìwé ná.

Ìyá Àdùkẹ́ mi, tí ẹ bá ti mọ ìyá ọmọ, ẹ padà sí 1911, kí ẹ wo àwòrán ìwé náà gan-an, ẹ má wo èyí tí wọ́n tẹ̀ nìkan. Ìwé tí olórí ilé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni. Wọ́n béèrè nínú rẹ̀ pé ọdún mélòó ni obìnrin ti lò nílé ọkọ, ọmọ mélòó ló bí láàyè, mélòó ló kù, mélòó ló ti kú. Nínú ìdílé ọkọ tèmi, ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ ìyá kan ni mẹ́sàn-án, márùn-ún, mẹ́rin. Mo sunkún lórí ìwé yẹn. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú láti àárọ̀ kùtù, tó tún sin ọmọ mẹ́rin!

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí tí wọ́n sì kú kí ìkànìyàn mìíràn tó dé, kò sí ìwé ìkànìyàn tó mọ̀ wọ́n. Ẹ fi orúkọ ìdílé bàbá àti ti ìyá wá wọn pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìbí, wọ́n á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí púpọ̀ pé ẹni tó ń dárúkọ wọn ò sí mọ́. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ọmọ ni wọ́n.

Kò sì gbọdọ̀ yà yín lẹ́nu tí ẹ bá rí ọmọ méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ilé kan. Tí ọmọ bá kú, wọ́n sábà máa ń fi orúkọ rẹ̀ sọ èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ìwé ìbí kankan gbọ́, ẹ wo àkọsílẹ̀ ikú, kó má jẹ́ pé ọmọ tó ti kú lẹ dì mú.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Aldershot)

Ẹ̀gbọ́n, ní ti ogun tí wọ́n ní ó pa bàbá yẹn: ìwé 1931 sọ pé ó ti kú, kò sọ ìgbà tó kú. Ìwé ìkànìyàn 1921 ni kí ẹ wò. Wọ́n ṣí i fún aráyé ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 15, wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ bóyá bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe é. Manchester Central Library wà lára ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì jìnnà sí yín, ẹ kàn pè wọ́n kí ẹ tó lọ.

Tó bá jẹ́ ojú ogun ló kú sí, orúkọ rẹ̀ yóò wà lọ́dọ̀ Commonwealth War Graves Commission, àwọn tó ń bójú tó sàréè àwọn ọmọ ogun. Ẹ má retí ìwé iṣẹ́ ológun rẹ̀ jù, torí bọ́ǹbù àwọn Jámánì jó ibi tí wọ́n kó àwọn ìwé yẹn sí ní London ní 1940, èyí tó jóná sì ju ìdajì lọ.

Ìyá Àdùkẹ́ (Oldham)

Ẹ kú àdúrótì mi o, mo ti padà dé. Bàbá Fẹ́mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Ìwé 1939 sọ pé oṣù kọkànlá 1906 ni wọ́n bí bàbá àgbà. Ìwé ìbí méjèèjì ti dé. Oṣù kejì 1907 ni wọ́n bí ọmọ Sarah. Ti Mary Ann ló bá ọjọ́ náà mu géérégé! Mo sì wo àkọsílẹ̀ ikú gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ọmọ náà ò kú ní kékeré. Mary Ann ni ìyá wa. Ìjòyè yẹn kì í ṣe tiwa, ọkọ mi náà sì ti gbà.

Mo rí wọn ní 1921. Ọmọ ọdún 14 ni bàbá àgbà, ó ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ ilé iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ ti kú. Kò sí orúkọ bàbá náà láàárín àwọn tó kú sógun. Inú àkọsílẹ̀ ikú 1916 ni mo ti rí i, mo ra ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á, ibi tó sì kú sí ni ilé ìwòsàn workhouse, ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí láyé ọjọ́un.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà. Àbúrò bàbá ọkọ mi kan ṣì wà láàyè, màmá àgbàlagbà. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n bínú. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó wọ workhouse rí nínú ìdílé àwọn, kí n má sọ ọ́ létí àwọn ọmọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Dámilọ́lá (Oldham)

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Òfin 1834 ló sọ workhouse di ohun tí wọ́n dì mú káàkiri England. Ẹni tí ebi fẹ́ẹ́ pa kú, ibẹ̀ ni yóò lọ. Wọ́n á ya ọkọ kúrò lọ́dọ̀ aya, wọ́n á ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí, wọ́n á fún wọn ní iṣẹ́ líle, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má wu èèyàn ni. Ìtìjú rẹ̀ le débi pé láti 1904, ìjọba fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n yé kọ workhouse sínú ìwé ìbí ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, kí wọ́n kọ àdírẹ́sì ojú títì dípò rẹ̀. Tí màmá yẹn bá ń bínú, ohun tí wọ́n ti gbọ́ láti kékeré ló ń bí wọn nínú.

Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn rẹ̀ yàtọ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba, kò sí títí di oṣù keje 1948. Òṣìṣẹ́ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá mú, tí kò lágbára mọ́, tí kò sówó dókítà, níbo ni yóò lọ? Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ, tó ń ṣiṣẹ́ títí àìsàn fi dá a dúró, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilẹ̀ tí workhouse Oldham wà ní Rochdale Road náà ni Royal Oldham Hospital wà lónìí. Ẹ sọ èyí fún màmá.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín o, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ mú ìwé ikú náà lọ bá màmá fúnra yín, ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó gbọ́. Bàbá bàbá wọn ni, àwọn ló kàn jù.

Bàbá Fẹ́mi (Manchester)

Ìyá Dámilọ́lá ti sọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ má bá màmá jà. Ìtàn ogun yẹn náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Mary Ann ló fi bo ojú àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí.

Ó kù kí o máa lọ sẹ́yìn. Wá ìwé ìgbéyàwó ọkùnrin náà àti Mary Ann, orúkọ àti iṣẹ́ bàbá àwọn méjèèjì á wà níbẹ̀. (Orúkọ ìyá tí o wá tì, ọdún 2021 ni wọ́n tó fi kún un.) Wo ìsàlẹ̀ ìwé bóyá wọ́n fọwọ́ sí i tàbí wọ́n kàn fa X. Lẹ́yìn ìyẹn, máa fi ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá lọ sẹ́yìn títí dé 1851, èyí tó kọ ìlú tí wọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan sí. Ti 1841 ò ṣeé gbára lé bẹ́ẹ̀, torí wọ́n máa ń dín ọjọ́ orí àgbàlagbà kù, ẹni ọdún 39 lè di 35. Tí o bá dé àárín 1861 sí 1865, tí o bá rí i pé wọ́n kó kúrò níbì kan tàbí tí ikú pọ̀ nínú ilé, rántí pé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti dá òwú dúró nígbà náà, ebi sì pa Lancashire gidigidi. Nítorí kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀, tí gbogbo òwú wọn á máa ti ọwọ́ Amẹ́ríkà wá, ni wọ́n ṣe dá British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní 1902, ẹgbẹ́ yẹn ló sì wá gbin òwú n'Ìbàdàn tiwa. Sọ ìyẹn náà fún àwọn ọmọ rẹ.

Tó bá ti ṣáájú 1837, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló kù. Láti 1813 ni wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ bàbá sínú ìwé ìrìbọmi, èyí tó wúlò púpọ̀ fún ìran òṣìṣẹ́. Lancashire OnLine Parish Clerks ti tẹ ọ̀pọ̀ rẹ̀ sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Àdùkẹ́ (Oldham)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi. Lọ́la ni màá lọ rí màmá. Ìbéèrè kan péré ló kù: ìwé 1911 sọ pé Stockport ni wọ́n ti bí Mary Ann. Ṣé màá rí i lọ́dọ̀ àwọn Lancashire náà?

Bàbá Fẹ́mi (Manchester)

Rárá o. Cheshire ni wọ́n ka Stockport mọ́ nígbà náà. Orí ìkànnì Cheshire BMD, tí àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú wà, ni kí o lọ, ọ̀fẹ́ ni. Fi orúkọ ìdílé rẹ̀ tó wà nínú ìwé ìbí ọmọ wá a, kí o wo ọdún kan síwájú àti ọdún kan sẹ́yìn ọjọ́ orí tí wọ́n kọ ní 1911. Tí o bá rí ju ẹyọ kan lọ, kọ wọ́n síbí, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.