Ta ló rí HD DVD tàbí Blu-ray rí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

ỌmọṢọ̀ún: Ẹ̀yin ará ilé, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìgbà tí Toshiba gbé HD DVD dání, tí Sony àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbé Blu-ray, tí wọ́n ń jà lórí díìsì tó máa rọ́pò DVD, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere jù ú lọ (HD nìyẹn), ta ló fojú ara rẹ̀ rí èyíkéyìí níbí kí Toshiba tó gba kámú ní oṣù kejì ọdún 2008? Ìrírí la ń bèèrè o, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kà.

Kásẹ́ẹ̀tì_Tákìé: Ìjà wo? Ní Tákìé, 20-in-1 ló jẹ oyè.

ÌyáDàmọ́lá: 😂 Èyí tó máa ń dúró gbọin tó bá ti kan fíìmù kẹtàlá?

Àjàní_Sábó: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Bọ̀dá wa kan tó wà ní London kó ẹrù wálé lẹ́yìn tí ìjà ti parí, ẹ̀rọ HD DVD kan wà nínú ẹrù náà. Gbàǹjo ni wọ́n ti rà á lọ́hùn-ún. Bàbá mi ò mọ̀ pé ọjà tó ti kú ni. Wọ́n gbé e sí pálọ̀, wọ́n fi aṣọ léèsì bò ó lórí, àlejò kan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù sí i, gbogbo wa jókòó bí ẹni ń retí òṣùpá ààwẹ̀. Àwòrán dé, kò yàtọ̀ sí DVD lásán! Tẹlifíṣàn tó yọkùn lẹ́yìn yẹn la ní, wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò la sì fi so ó. Bàbá mi ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe mọ́ kedere?" A ní a rí i, sà.

Tíṣà_Físíìsì: Wáyà yẹ́lò! Kò lè gbé HD láéláé.

Àjàní_Sábó: Tíṣà, ta ni yóò sọ fún Bàbá? Ó ń ka DVD dáadáa ṣá. Fíìmù Yorùbá la fi ń wò títí lẹ́ǹsì ẹ̀ fi kú.

Under_G_Finest: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò rí Blu-ray rí, ṣé ẹ ò gbá FIFA lórí PS3, ẹ̀rọ géèmù Sony, rí ni? Blu-ray ni díìsì yẹn! Mo ń na ọ̀rẹ́ mi ní mẹ́ta sí òdo lọ́jọ́ kan ni NEPA mú iná lọ. Ńṣe ni PS3 yẹn máa ń gbé díìsì mì, kò ní ihò kékeré tẹ́ ẹ lè ti abẹ́rẹ́ bọ̀ bíi ti DVD. Ẹni tó ni díìsì ní òun ò ní lọ sílé láìgba nǹkan òun. A jókòó ti ẹ̀rọ náà títí wọ́n fi wá epo sí jẹnẹrétọ̀.

Àkẹ̀sán_Boy: Mẹ́ta sí òdo? Ìwọ?

Under_G_Finest: Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ò dí. Máa bọ̀.

Bàbá_Alátùnṣe: Ẹ̀yin ọmọdé. Mo ti ń tún fídíò ṣe ní Òwódé, Ọ̀yọ́ níbí, kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ń jẹ́ díìsì. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò Betamax ti Sony jáde lọ́dún 1975, VHS ti JVC dé lọ́dún 1976, ó lé e kúrò lọ́jà. Ìyà yẹn ò tán lára Sony. Nígbà tó kan Blu-ray, wọ́n kì í bọ inú PS3 lọ́dún 2006. Àwọn Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, ní tiwọn, ọ̀tọ̀ lẹ máa ra ẹ̀rọ HD DVD tẹ́ ẹ máa so mọ́ ọn. Ta ló fẹ́ náwó lẹ́ẹ̀mejì?

ỌmọṢọ̀ún: Bàbá, Warner, ilé-iṣẹ́ fíìmù, ló pa HD DVD. January 4, 2008 ni wọ́n kéde pé Blu-ray nìkan làwọn máa bá lọ. Kí oṣù méjì tó pé, Toshiba ti palẹ̀ ẹrù mọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì_Tákìé: Wọ́n ti rọ owó sí Warner lápò ni.

ỌmọṢọ̀ún: Ẹ̀rí dà?

Kásẹ́ẹ̀tì_Tákìé: Ẹ̀gbọ́n, ṣé orílẹ̀-èdè yìí lẹ gbé dàgbà ṣá?

Tíṣà_Físíìsì: Iná lésà aláwọ̀ búlúù kan náà làwọn méjèèjì fi ń ka díìsì, gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 405 nanómítà. Pupa ni ti DVD, 650. Ṣùgbọ́n ìpele kan HD DVD gba gígábáìtì 15, ti Blu-ray gba 25. Ibi tí wọ́n kọ fíìmù sí nínú Blu-ray sún mọ́ ojú díìsì gan-an, mìlímítà 0.1 péré ló bò ó. Ti HD DVD jẹ́ 0.6 bíi ti DVD. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi nǹkan líle kun ojú Blu-ray.

Àkẹ̀sán_Boy: Tó bá wá ha ńkọ́? Ọṣẹ ìfọyín ni mo fi ń pa DVD tèmi, ó sì ń jẹ́ fún mi.

Bàbá_Alátùnṣe: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi àti ọṣẹ díẹ̀, kẹ́ ẹ nù ún láti àárín bọ̀ síta. Ẹ má nù ún yípo.

Kásẹ́ẹ̀tì_Tákìé: Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni o.

Bàbá_Alátùnṣe: Irú yín ló bá mi kọ́lé.

ÌyáDàmọ́lá: Abájọ tí ọṣẹ ìfọyín kì í fi í pẹ́ nílé wa! Dàmọ́lá, mo mọ̀ pé o ń ka èyí. Wá bá mi ní kíṣìnnì.