Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ibo ni kí n ti fa iná índíkétọ̀ lára páwà sọ́pláì tí mo fọwọ́ ara mi tò?

Ọmọ Òṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Rédíò àti fáànù kékeré ni mò ń tún ṣe, ni mo bá to páwà sọ́pláì kan tí mo fi ń tẹ́ẹ̀stì wọn. Transifọ́mà 12V tí mo yọ lára rédíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, dáyóòdù 1N4007 mẹ́rin tó ń sọ iná AC di DC, kàpásítọ̀ 2200µF tó ń kó iná pamọ́, LM317, ìyẹn ẹ̀yà tó ń dín iná kù sí iye tí mo bá fẹ́, pẹ̀lú fólúùmù 5k tí mo fi ń gbé iná sókè sódò. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí wàhálà níbẹ̀. Àmọ́ inú àpótí pákó ni mo kó o sí, tí mo bá ti dé e báyìí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ó wà lórí iná àbí kò sí, pàápàá bí NEPA ṣe ń mú iná lọ tí wọ́n tún ń mú un wá. Mo fẹ́ fi LED pupa kan, iná kékeré bíi ti ara ṣájà, síwájú ẹ̀. Ẹnì kan ládùúgbò ní kí n ṣáà so ó mọ́ ibi tí iná ń gbà jáde, pé kò le. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Resístọ̀ wo ni kí n rà? LED ọ̀hún, ara ṣájà kan tó ti kú ni mo ti yọ ọ́, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì dọ́gba, mi ò mọ èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù.

Ọ̀gá Wáyà:
Àbúrò, má gbọ́ ti ará àdúgbò yẹn o. Lẹ́yìn LM317 iná ò dúró sójú kan, ṣebí ìwọ fúnra ẹ lò ń yí fólúùmù. LED pupa fẹ́ bíi 2V kó tó tàn, bẹ́ẹ̀ LM317 lè sọ̀ kalẹ̀ dé 1.25V, wàá yí i sílẹ̀ tán índíkétọ̀ á kú, wàá rò pé NEPA ti gbé e, àṣé iná ṣì wà níbẹ̀. Orí kàpásítọ̀ ni kó o ti fà á, kó tó wọ LM317.

12V tí wọ́n kọ sára transifọ́mà kì í ṣe 12 mọ́ tó bá dé orí kàpásítọ̀. Ìlọ́po 1.41 ni, ó di bíi 17, dáyóòdù méjì tí iná ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin yẹn á jẹ bíi 1.4 níbẹ̀, ó ku nǹkan bíi 15.5V. LED á mú 2V tiẹ̀, resístọ̀ ló máa gbé 13.5 tó kù. Tó o bá fẹ́ kí 10mA kọjá, 1350 ohm ni, èyí tó sún mọ́ ọn tí wọ́n ń tà ni 1.5k, ìyẹn 1500 ohm, àwọ̀ ara ẹ̀ ni búráùn, gíríìnì, pupa. Kékeré quarter watt yẹn tó. Ti ẹsẹ̀, wo etí LED nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé pẹrẹsẹ ni nẹ́gátíìfù.

Bàbá Ìbejì:
Òótọ́ lọ̀gá sọ, àmọ́ LED ayé òde òní, 1.5k á máa ta á lójú lóru, 2.2k lèmi máa ń lò. Àti pé NEPA tí wọ́n ń pè ní 230V yìí, àdúgbò mìíì 180 ni wọ́n ń rí, àwa tá a wà nídìí transifọ́mà àdúgbò ń rí 250, tó bá sì ti gòkè báyẹn orí kàpásítọ̀ náà á gòkè. Ọmọ Òṣogbo, ẹ tún wo ara kàpásítọ̀ yín, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Tó bá jẹ́ 16V ẹ yọ ọ́ kíá o, 25V tàbí 35V ló yẹ níbẹ̀.

Ìyàwó Ẹlẹ́tríkà:
Kí lẹ ń ṣírò tó báyìí. Ẹ yọ neon inú súwíìsì ẹ́kítẹ́ńṣàn tó ti bàjẹ́, iná kékeré aláwọ̀ ọsàn yẹn, pẹ̀lú resístọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ so ó mọ́ iná NEPA tó ń wọlé. Ó tán.

Ọ̀gá Wáyà:
Àǹtí mi, neon dáa, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n pé NEPA wọ inú àpótí nìkan ló ń sọ. Tí transifọ́mà bá jóná tàbí tí dáyóòdù kan bá gé, neon á ṣì máa tàn gbàgà, ọmọ náà á máa fi rédíò oní-rédíò wá ohun tí kò sọnù. LED orí kàpásítọ̀ tí ò bá tàn, o mọ̀ pé láti ibẹ̀ sẹ́yìn ni ẹjọ́ wà. Tó o bá ráyè o lè fi méjèèjì sí i, àmọ́ kí neon wà lẹ́yìn fíúsì àti súwíìsì, kó o sì fi rọ́bà bo gbogbo ojú tó o jó, 230V ni yẹn.

Àdùkẹ́ Ẹ̀rọ:
Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi páwà sọ́pláì kọ̀ǹpútà ni, mo ti so wáyà gíríìnì mọ́ dúdú kó lè máa tàn. Wọ́n ní kí n fi LED sí wáyà eérú.

Ọ̀gá Wáyà:
Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é, ó sì lè tàn, àmọ́ àmì lásán ni wáyà eérú yẹn fi ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé iná ti péye, wọn ò ṣe é kó gbé ẹrù. Fà á látara wáyà pupa, 5V ni, 330 ohm ló gbà, ọsàn, ọsàn, búráùn. Tó o bá fẹ́ òmíràn tí á máa tàn nígbàkígbà tí wọ́n bá ti kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà pọ́pù ni kó o lọ, 5V lòun náà, kì í kú.

Ọmọ Òṣogbo:
Ẹ ṣé gan-an ni. 35V ló wà lára kàpásítọ̀ mi. Mítà sọ pé 17 ló wà lórí ẹ̀, mo fi 2.2k sí i, ó tàn dáadáa, mo yí fólúùmù lọ sílẹ̀ pátápátá kò kú. Àmọ́ tí mo bá pa súwíìsì kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń rọra rẹlẹ̀ ni. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni?

Bàbá Ìbejì:
Rárá o, kàpásítọ̀ ló ń tú iná tó kó pamọ́, LED yẹn gan-an ló ń bá ẹ mu ún. Jẹ́ kó kú tán kó o tó ki sukurúdíráífà bọ inú ẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo:
Ó ti yé mi sà. Ó ku kí n lu ihò LED sí pákó iwájú.