Ara ti yá lẹ́yìn oògùn ibà ọjọ́ kìíní: ṣé ó lè fi ìyókù sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé bàbá àwọn ọmọ ní ibà. Kílò 70 ni wọ́n. Oògùn ibà artemether-lumefantrine 20/120 (mílígíráàmù 20 àti 120 nínú hóró kan) ni wọ́n gbà, hóró 24. Wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀mejì lánàá, hóró 4 nígbà kọ̀ọ̀kan, ara fúyẹ́, wọ́n ní ó tó. Ti aago 8 àárọ̀ yìí ti kọjá. Ẹni tó ta oògùn tún ní kí wọ́n máa fi oúnjẹ ọlọ́ràá lò ó. Kí ni ọ̀rá ń wá nídìí oògùn ibà?

Apòògùn: Ìyá Ìbejì, ẹ má gbà fún wọn o. Oògùn méjì ló wà nínú hóró kan. Artemether ló yára: ó ń pa kòkòrò ibà rẹpẹtẹ kíákíá, ìyẹn ni ara gbígbóná ṣe lọ. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín bíi wákàtí 2, ẹ̀dọ̀ ti tú ìdajì rẹ̀ palẹ̀. Wákàtí 2 sí i, ìdajì ìyókù lọ. Lumefantrine ló ń pẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, òun ló ń ṣa àwọn kòkòrò tó ṣẹ́ kù. Ìlò ẹ̀ẹ̀mejì kò lè kó o jọ tó. Bí wọ́n bá dá a dúró, ìwọ̀nba kòkòrò tó kù á tún bí sí i, ibà á sì padà.

Ní ti ọ̀rá, lumefantrine kì í yòrò dáadáa nínú omi. Bí ọ̀rá bá dé ìfun, òróòro á tú sí i, á sọ ọ́ di wẹ́wẹ́, oògùn á sì bá a wọlé. Lórí inú òfìfo, púpọ̀ rẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ jáde. Oúnjẹ ọlọ́ràá lè sọ èyí tó wọ ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po 16! Kò ní kó jẹ́ àsè: àkàrà, ẹyin díndín tàbí ife mílíìkì kan tó. Ẹ̀kọ mímu lásán kò tó, ẹ bu mílíìkì sí i.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí wọ́n lo hóró 8 pa pọ̀ láti fi dí ti àárọ̀?

Nọ́ọ̀sì: Rárá o. Ìfun kò lè gba ìlọ́po méjì lumefantrine lẹ́ẹ̀kan náà, oògùn yìí sì lè da lílù ọkàn rú. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lo hóró 4 nísinsìnyí, kí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ lẹ́yìn wákàtí 12. Hóró 16 ló yẹ kó wà nínú páálí, ìyẹn ìlò mẹ́rin. Bí wọ́n bá bì kí wákàtí 1 tó pé, kí wọ́n tún 4 lò, kí ẹ sì lọ ra èyí tó máa rọ́pò rẹ̀.

Ṣé wọ́n ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ti ọkàn? Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kan, ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú oògùn ibà yìí palẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, ẹ kò gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀.

Ìyá Ìbejì: Wọn kò lo ìkankan, parasítámọ̀ nìkan.

Nọ́ọ̀sì: Ìyẹn ò burú: hóró 2 ti mílígíráàmù 500, wákàtí 6 láàárín, kó má ju 8 lọ lójúmọ́. Ibà gbígbóná ló ń rọ̀, kò kan kòkòrò rárá. Bí wọ́n bá ń bì gbogbo oògùn, bí ọ̀rọ̀ wọn bá ń dàrú tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kíá.