Alẹ́ tí mo wo Milano calibro 9

Ẹ̀yin ará, ìrírí tí ẹ ń sọ nípa fíìmù tó wọ̀ yín lọ́kàn ló rán mi létí tèmi. Ẹni tí kò bá tíì wo Milano calibro 9, fíìmù jàǹdùkú ilẹ̀ Italy, tí kò sì fẹ́ mọ bó ṣe parí, kó má ka tèmi o, torí ìparí yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní London ni mo ti wò ó. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Milano rí, wọn ò sì lè fi fíìmù jàǹdùkú Italy àtijọ́ ṣeré. Wọ́n ní, "Jókòó, àbúrò, wá wo ìlú tí mo gbé." Fernando Di Leo ló ṣe é, ọdún 1972 ló jáde.

Ní gbàgede Duomo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Milano, láàárín àwọn ẹyẹlé, ẹrù kékeré kan ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni yìí á gbà á, á kọjá bí ẹni tí kò mọ ẹni tó gbé e fún un. Kò sẹ́ni tó la ẹnu, orin Luis Bacalov àti ẹgbẹ́ olórin Osanna nìkan ló ń dún kíkankíkan. Wọ́n tú ẹrù, ó di bébà lásán. Dọ́là 300,000 ti di àwátì. Ni jàǹdùkú kan, Rocco, tí Mario Adorf ṣe, bá kó àwọn tó gbé ẹrù náà, ó lù wọ́n lálùbami, ó so wọ́n pọ̀, ó fi dáínámáìtì fọ́ wọn. Obìnrin wà lára wọn. Díẹ̀ ló kù kí n dìde.

Lẹ́yìn ọdún 3, Ugo Piazza jáde ní ẹ̀wọ̀n San Vittore. Gbogbo ẹgbẹ́ jàǹdùkú náà gbà pé òun ló kó owó náà, ó ní òun kọ́. Gastone Moschin ló ṣe Ugo, ẹni tó ṣe Don Fanucci nínú The Godfather apá kejì. Wọ́n ń lù ú, ojú rẹ̀ ò yí padà. Mo tẹjú mọ́ ojú yẹn títí, mò ń wá irọ́ níbẹ̀, mi ò rí i.

Ẹnu àwọn òṣèré ò bá ohùn mu. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù ní Italy nígbà yẹn nìyẹn, situdíò ni wọ́n ti ń fi ohùn sí i lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá méjì ń bá ara wọn jiyàn lórí olówó àti tálákà, ẹ̀gbọ́n mi dá fíìmù dúró, wọ́n sọ fún mi nípa bọ́ǹbù tó bú ní báńkì kan ní Piazza Fontana, tí kò jìnnà sí Duomo, ní December 12, 1969. Ènìyàn 17 ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbínú àwọn ọlọ́pàá náà tó yé mi.

Ibi tó dùn mí nìyí. Barbara Bouchet, tó ṣe Nelly, olólùfẹ́ Ugo, ń jó, ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ ló fi bo ara, kámẹ́rà sì ń rá láti itan rẹ̀ dé àyà. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí rìmóòtù nítorí mi, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Obìnrin náà mọ ijó jó. Ohun tó bí mi nínú ni pé ara rẹ̀ nìkan ni àwọn tó ya fíìmù rí. Nígbà tó sì dalẹ̀ Ugo, tí àlè rẹ̀ yìnbọn lu Ugo láti ẹ̀yìn, ẹ̀ṣẹ́ ni Ugo fi pa á kí òun náà tó kú. Ẹ̀ṣẹ́! Pé fíìmù àtijọ́ ni kò ní kí n gbójú fò ó.

Ṣùgbọ́n Rocco wọlé. Rocco tó ti ń dọdẹ Ugo láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rí òkú rẹ̀, ó gbá àlè náà lórí mú, ó ń gbá a mọ́ igi, ó ń pariwo pé ẹni tó bá rí irú Ugo Piazza, fìlà ló yẹ kó ṣí fún un. Kí ni mo tún fẹ́ kí wọ́n túmọ̀ fún mi níbẹ̀? Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí ṣíṣí fìlà jẹ́? Jàǹdùkú tó fọ́ obìnrin yángá ní ìbẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló ṣọ̀fọ̀ ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá a sọ ọ̀rọ̀ náà lédè Italy, ohùn wọn ń gbọ̀n.

Mo ní kí wọ́n dá a padà sí ibi àwọn ẹyẹlé. A tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.