Ṣé obìnrin méjì lè jọ jáde fún ààrẹ àti igbákejì ní Nàìjíríà, kí wọ́n sì wọlé?

Àṣàkẹ́ Onídìrí (Tanke, Ìlọrin):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Kwara. Ọ̀rọ̀ kan dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lánàá, ẹ bá wa dá a.

Oníbàárà kan tí mo ń dirun fún ló ní tí ẹgbẹ́ ńlá kan bá lè fa obìnrin kalẹ̀ fún ààrẹ, kí wọ́n tún mú obìnrin ṣe igbákejì rẹ̀, ọ̀kan Mùsùlùmí láti òkè Ọya, èkejì Kristẹni láti ìsàlẹ̀ níbí, òun á dìbò fún wọn láìwo ẹ̀yìn. Kò tíì pa ẹnu dé tí èkejì tó ń retí kó kàn án fi pariwo: "Obìnrin méjì kẹ̀? Ṣé ìpàdé ìyàwó ilé la fẹ́ ṣe ni?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin sì ni gbogbo wa tó wà níbẹ̀ o!

Ìbéèrè mi rèé: ṣé òfin gbà á? Bó bá gbà á, kí ló dé tí ẹgbẹ́ ńlá kankan kò ṣe é rí? Àti pé bí wọ́n bá gbé e wá, ṣé Kwara á dìbò fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Lọ́yà Gáà Akanbí:

Òfin gbà á. Abala 131 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà látìgbà ìbí, kó ti pé ọmọ ọdún 35 (40 ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dín in kù ní 2018), kó kàwé dé ìwọ̀n girama, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà á kalẹ̀. Abala 142 ní kó mú ẹnì kan ṣe igbákejì. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ akọ tàbí abo.

Abala 134 ni kẹ́ ẹ lọ kà dáadáa. Kí ìbò rẹ pọ̀ ju ti gbogbo èèyàn lọ kò tíì tó. O gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Ẹni tí kò bá rí ìbò kó jọ ní Kánò, Kàtsínà, Sókótó àti àwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, eré ló ń ṣe.

Kìnìún Ọ̀fà:

Bí ààrẹ bá lóyún, tí igbákejì náà tún lóyún, ta ló máa wà ní ọ́fíìsì? Mo kàn bèèrè ni o 😂

Alfa Pàkátà:

Àsàlámù àlékúmù. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ́ retí pé kí àwa aláàfáà fò sókè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Hádíìsì kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fà yọ, tó sọ nípa àwọn ará Páṣíà nígbà tí wọ́n fi ọmọbìnrin ọba wọn jọba. Àwọn onímọ̀ kan ní ó kan gbogbo ìjọba, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ Páṣíà ìgbà náà ni. Súrà Naml náà wà níbẹ̀, níbi tí ọbabìnrin Sábà tí a mọ̀ sí Bílíkísù ti pe àwọn ìjòyè rẹ̀ gbìmọ̀ kó tó fèsì lẹ́tà Ànábì Sùlèmánù. N ò ní parí àríyànjiyàn yẹn fún yín lórí fóònù.

Ohun tí mo fojú rí nìyí. Gbemisola Saraki ló ṣojú Kwara Central ní ilé aṣòfin àgbà láti 2003 dé 2011. Kwara Central yìí, Ìlọrin àti Asà ni. Ìlú àwọn alfa ló dìbò fún un, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wá jáde fún gómìnà ní 2011 lábẹ́ ACPN, Abdulfatah Ahmed ti PDP ló wọlé. Àwọn kan ní torí pé obìnrin ni. Èmi ò gbà. Olóyè Olusola Saraki, bàbá rẹ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀, Bukola ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ gómìnà wà lẹ́yìn Ahmed. Ìjà ilé ni, àwa ará ìta la wá ń túmọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ (Òmù-Àrán):

Àṣàkẹ́, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Lọ́yà, o ṣé, ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í fa èèyàn kalẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ń fà á. Alfa, ẹ̀yin náà ẹ ṣé, òótọ́ lẹ sọ.

Mo ti ṣe olórí obìnrin wọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ kan tí n ò ní dárúkọ. Iṣẹ́ mi ni kí n kó obìnrin jáde lọ́jọ́ ìpolongo, kí n pín ańkárá, kí n sì rí i pé ìyá arúgbó tí kò lè rìn rí ọkọ̀ dé ibùdó ìdìbò. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí a fẹ́ yan àwọn tí yóò lọ dìbò abẹ́lé, ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti pàdé. Alága ní, "Ìyá wa, ẹ bá wa wo ìkòkò yẹn, àlejò ń bọ̀ láti Ìlọrin." Mo bọ́ sẹ́yìn kíláàsì. Àlùbọ́sà ni mo ń rẹ́ lọ́wọ́, omi ń dà lójú mi, tí mo fi gbọ́ àtẹ́wọ́. Kí n tó nu ọwọ́ mi débẹ̀, wọ́n ti kọ orúkọ tán, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kò sí orúkọ obìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, "Ìyá, a rò pé ẹ mọ̀ pé ẹ wà lọ́kàn wa." Ọkàn ni wọ́n fi mí sí, wọn ò fi mí sínú ìwé.

Ẹ̀yin ń bèèrè bóyá aráàlú á dìbò fún obìnrin méjì. Kó tó kan aráàlú, àwọn tó wà nínú ìwé yẹn á ti dìbò tiwọn. Ẹ rántí Sarah Jibril, ọmọ Kwara wa. Oṣù kìíní 2011, ìdìbò abẹ́lé PDP ní Àbújá: Jonathan 2,736, Atiku 805, Sarah Jibril 1. Ẹyọ kan! Kì í ṣe pé obìnrin ò sí lára àwọn tó dìbò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti bá wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí irú rẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó san owó ọkọ̀ àti owó hòtẹ́ẹ̀lì ló ń sọ ibi tí ìka máa tẹ̀. Ní 2022, APC ta fọ́ọ̀mù ààrẹ ní mílíọ̀nù 100 náírà. Wọ́n ní àwọn ṣàánú obìnrin, kí tiwa jẹ́ mílíọ̀nù 30. Ẹ wo àánú! Uju Ken-Ohanenye nìkan ni obìnrin tó jáde níbẹ̀, lọ́jọ́ ìdìbò gan-an ó ní òun fi í sílẹ̀ fún Tinubu.

Àwọn tó gba ẹgbẹ́ kéékèèké wá ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Remi Sonaiya láti yunifásítì Ifẹ̀ jáde lábẹ́ KOWA ní 2015, ìbò 13,076 ló rí ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 2023, èèyàn 18 ló du ipò ààrẹ, Chichi Ojei ti APM nìkan ni obìnrin. Bí a bá rí obìnrin méjì lórí ìwé ìdìbò láìpẹ́, irú ẹgbẹ́ báyìí ni yóò fà wọ́n kalẹ̀, ẹgbẹ́ tó mọ̀ pé òun ò ní wọlé, tí kò sì ní ohun tó máa pàdánù.

Ẹ má sọ fún mi pé obìnrin méjì ò bára mu, torí ìgbà tí ọkùnrin ò bá sí níbẹ̀ la máa ń pè é ní àìbáramu. Kí Tinubu tó mú Shettima ní 2022, a ò gbọ́ orin mìíràn ju pé Mùsùlùmí méjì ò lè ṣe é. Wọ́n ṣe é, Kwara wa náà dìbò fún wọn. Abiola àti Kingibe ti ṣe é ní 1993 kí ìjọba ológun tó fagi lé e. Ẹni tó ní àwọn gómìnà lẹ́yìn, tó ní owó, òun ló ń sọ fún wa ohun tó bára mu. Ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ obìnrin, tó bá sì wù ú kó mú obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, a óò pariwo fún oṣù méjì, a óò sì gbà.

Ohun kan ṣì kù. Ìyá mi ní Òmù-Àrán kò dìbò ní 1959. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, tó relé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, dìbò. Ìwọ̀-Oòrùn ni Ògbómọ̀ṣọ́, Àríwá ni wọ́n ka àwa mọ́, obìnrin Àríwá ò sì ní ẹ̀tọ́ ìbò títí di 1976. Títí àbúrò yẹn fi kú ló ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ tí ìjọba ò kà mọ́ èèyàn." Nítorí náà bí ẹ bá ń sọ pé obìnrin ìhà ibí ò dìde, ẹ rántí ìgbà tí wọ́n tó jẹ́ ká dìde.

Ìwọ Kìnìún: Ellen Johnson Sirleaf pé ọmọ ọdún 67 nígbà tó jẹ ààrẹ Làìbéríà, Nandi-Ndaitwah ti Nàmíbíà pé 72. Oyún wo lò ń sọ?

Kìnìún Ọ̀fà:

Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀ 🙏

Dàpọ̀ Ọmọ Ẹrin-Ilé:

Massachusetts ni mo wà. Ní oṣù kọkànlá 2022, Maura Healey àti Kim Driscoll ni wọ́n jọ wọlé níbí, gómìnà àti igbákejì, obìnrin méjèèjì. Ilẹ̀ ò ya. Ṣùgbọ́n ti ààrẹ Amẹ́ríkà, kò sí èyí tó ṣe é rí nínú ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì. Clinton mú Tim Kaine ní 2016, Harris mú Tim Walz ní 2024. Bí obìnrin bá wà lókè, wọ́n á wá ọkùnrin tì í, àwọn méjèèjì yẹn náà ò sì wọlé.

Nàmíbíà tí Ìyá dárúkọ, obìnrin ni igbákejì rẹ̀ náà, Lucia Witbooi, láti oṣù kẹta 2025. Àmọ́ níbẹ̀ ààrẹ ló ń yan igbákejì lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Aráàlú ò dìbò fún obìnrin méjì, ọ̀kan ni wọ́n dìbò fún.

Àṣàkẹ́ Onídìrí:

Ẹ ṣé gbogbo yín. Ìyá, mo ka tiyín fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní ṣebí gómìnà wa yan obìnrin tó pọ̀ sípò kọmíṣánnà, àti pé Rukayat Shittu wọlé sí ilé aṣòfin Kwara láti Òwódé/Onírẹ́ ní 2023 ní ọmọ ọdún 26. Ṣé ìyẹn ò tó ni?

Ìyá Ẹgbẹ́ (Òmù-Àrán):

Kọmíṣánnà, ẹni tó yàn án lè yọ ọ́ ní alẹ́ ọ̀la. Ti Rukayat ni mo fẹ́ràn, ìbò ló gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1999, Kwara ò ní obìnrin igbákejì gómìnà rí. Èkó ti ní Bucknor-Akerele, Sosan, Orelope-Adefulire àti Adebule. Ẹ jẹ́ ká gba ìyẹn ná kí a tó máa sọ ti Àbújá.

Ìwọ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ, ṣé ẹ ní káàdì ẹgbẹ́? Ẹgbẹ́ tó bá wù yín, n ò bá yín yàn. Mo mọ obìnrin kan tó ń bá wọn kọ orúkọ ní wọ́ọ̀dù yín ní Tanke. Fi nọ́ńbà rẹ sínú àpótí mi, yóò pè ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Bó bá ní kẹ́ ẹ wá bá wọn se oúnjẹ ọjọ́ ìpàdé, kẹ́ ẹ ní ẹ ti jẹun wá láti ilé.